Orin ń yí ọ̀rọ̀ padà lẹ́nu àwọn ọmọ mi

Ìyá Ìbejì, Òkè-Fìà: Ẹ kú ilé o. Ọmọ 14 ni mò ń kọ́ lórin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òṣogbo níbí. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ohùn orin òyìnbó tá a fi ń kọ "ọwọ́ Jésù" já wálẹ̀ níbi "wọ́". Ọmọ ọdún márùn-ún kan fa aṣọ mi: "Àǹtí, ṣé Jésù náà ń gbálẹ̀ ni?" Ọwọ̀ ló gbọ́! Ó ká mi lára. Kí ni ṣíṣe?

Bàbá Akọrin: Ẹ kú iṣẹ́, ìyá. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ekundayo Phillips, olórin ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Èkó, kọ ìwé lé e lórí ní 1953. Dò ni ohùn ìsàlẹ̀, rè ni ti àárín, mí ni ti òkè: rè-mí ni "ọwọ́", rè-dò ni "ọwọ̀". Ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu lásán ná, kí orin tẹ̀ lé e.

Màmá Tólú: Orin tiwa ni kẹ́ ẹ dá, kí wọ́n máa gbè é, kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an. Mo fi rè-mí dá a lálẹ́ àná, àwọn ìbejì mi sì ti ń gbè é nídìí ìkòkò.