Wọ́n ní ká kó sọ́fítíwíà báǹkì wa lọ sórí cloud: èwo ni ká kọ́kọ́ gbé?

Olùbéèrè, Èkó:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ìdí iṣẹ́. Báǹkì ńlá kan ni mo wà. Ọ̀gá àgbà ti pàṣẹ pé ká bẹ̀rẹ̀ sí í kó sọ́fítíwíà wa lọ sórí cloud, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ mìíràn téèyàn ń yá lò gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì, èmi ni wọ́n sì fà á lé lọ́wọ́. Excel tó to orúkọ sáfà, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tí sọ́fítíwíà wa ń ṣiṣẹ́ lórí wọn, láti òkè délẹ̀ ni mo ní. Agbaninímọ̀ràn tí wọ́n gbà wá ní ká kọ́kọ́ ya capability map, ìyẹn máàpù iṣẹ́ tí báǹkì gbọ́dọ̀ lè ṣe. Ó ya àpótí-àpótí sórí pátákó, gbogbo wa mi orí, àmọ́ nígbà tó lọ tán, mi ò rí bí àpótí wọ̀nyẹn ṣe máa sọ fún mi pé báyìí ni kí n kọ́kọ́ gbé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lóye.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Johannesburg:
Àbúrò, pa Excel yẹn dé ná. Iṣẹ́ tí báǹkì gbọ́dọ̀ lè ṣe ni kẹ́ ẹ kọ sínú àpótí wọ̀nyẹn, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ ló ń ṣe é tàbí ènìyàn: dídá oníbàárà mọ̀, ṣíṣí àkáǹtì, yíyáni lówó, fífi owó ránṣẹ́. Ẹ má kọ orúkọ ẹ̀ka, torí ẹ̀ka a máa yí padà bí ọ̀gá bá ti yí padà. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ látorí òfo. BIAN, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2008, ti ya irú máàpù bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ báǹkì. Ẹ mú tiwọn, kẹ́ ẹ yọ èyí tí kò kàn yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ to sọ́fítíwíà sábẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ lojú ti máa ń là. Ẹ wo dídá oníbàárà mọ̀ nìkan: ó ṣeé ṣe kí àwọn tó ń yáni lówó ní sọ́fítíwíà tó ń yẹ BVN wò, kí àwọn tó ń ṣí àkáǹtì ní tiwọn, kí àwọn oníkáàdì náà ní tiwọn. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀lé Excel, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ máa gbé lọ, ẹ ó sì máa sanwó lọ́nà mẹ́ta lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ mú ọ̀kan, kẹ́ ẹ pa méjì yòókù.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:
Ìdí ìṣàkóso ewu lèmi wà. Lórí àpótí kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ dátà tó wà níbẹ̀, torí òfin ìdáàbòbò dátà 2023 ní àwọn ohun tó là kalẹ̀ kí dátà ènìyàn tó lè jáde ní Nàìjíríà. Ẹ kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí okùn íńtánẹ́ẹ̀tì bá já. Ní March 14, 2024, okùn mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ pa pọ̀ lábẹ́ òkun nítòsí Côte d'Ivoire, iṣẹ́ sì dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn báǹkì kan níbí. Fífi owó ránṣẹ́ gba ti NIBSS, ilé-iṣẹ́ tó so àwọn báǹkì Nàìjíríà pọ̀, kò gbọdọ̀ dúró torí ìyẹn, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan gbọ́dọ̀ wà ní Èkó.

Ẹ má gbàgbé dọ́là. Ní June 2023 nìkan, náírà kúrò ní nǹkan bí 470 sí dọ́là kan, ó lé ní 750 kí oṣù tó parí. Ẹni tó ti fọwọ́ sí àdéhùn cloud oní-dọ́là mọ ohun tójú ẹ̀ rí.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣé gan-an, màmá. Mo pe àwọn olórí ẹ̀ka jọ, oníkálukú ní tòun ló ṣe pàtàkì jù. A ní ká fi pupa kun àpótí tó bá ṣe pàtàkì jù, gbogbo àpótí ló di pupa!

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Leeds:
Má bi wọ́n bóyá ó ṣe pàtàkì. Bi wọ́n pé: tí iṣẹ́ yìí bá dúró láti àárọ̀ di ọ̀sán lọ́jọ́ tí owó oṣù ń wọlé, ta ló máa kọ́kọ́ pè yín, kí lẹ sì máa sọ fún un? Ẹni tí kò bá rí èsì fọ̀, tiẹ̀ kì í ṣe pupa.

Wá bi wọ́n bóyá iṣẹ́ náà máa ń pọ̀ lójijì kó tún rọlẹ̀. Alert tí oníbàárà ń gbà máa ń ya bí òjò níparí oṣù, tó bá máa fi di àárín oṣù, ó ti fúyẹ́. Irú ẹ̀ ni cloud bá lára mu, torí bẹ́ ẹ bá ṣe lò ó lẹ ṣe máa sanwó. Òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé. Ẹ fi core banking, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àkáǹtì gbogbo oníbàárà, sílẹ̀ níbi tó wà ná, òun ni gbogbo yòókù so mọ́.

Mò ń tẹnu mọ́ ọn torí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí. Ní April 2018, TSB, báǹkì kan ní Britain, kó àwọn oníbàárà ẹ̀ sórí ètò tuntun láàárín òpin ọ̀sẹ̀ kan. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 èèyàn ni kò lè wọ àkáǹtì wọn. Nígbà tó di December 2022, àwọn aláṣẹ bu ìtanràn £48.65 mílíọ̀nù lé wọn.

Bàbá Àgbà Architect:
Ẹ̀yin ará, ẹ má sọ yíya máàpù di iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Mo ti rí èyí tí wọ́n tú iṣẹ́ inú ẹ̀ sí wẹ́wẹ́ dé ìpele karùn-ún tí ẹnikẹ́ni ò ṣí wò mọ́. Ìpele kejì tó fún gbogbo báǹkì. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé lọ́dún yìí nìkan ni kẹ́ ẹ tú dé ìpele kẹta.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun, bàbá. Sọ́fítíwíà tí a rà, tí ẹni tó tà á ò gbà kó wà lórí cloud ńkọ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Johannesburg:
Iṣẹ́ tó ń ṣe ni kó o wò. Tó bá jẹ́ ohun tí gbogbo báǹkì ń ṣe bákan náà, bíi sísan owó oṣù òṣìṣẹ́, ẹ ra èyí tó ti wà lórí cloud, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ti àtijọ́ lọ. Tó bá jẹ́ ibi tẹ́ ẹ ti yàtọ̀ sí wọn, bíi bẹ́ ẹ ṣe ń díwọ̀n ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ yá lówó, ibẹ̀ ló tọ́ kẹ́ ẹ náwó sí kẹ́ ẹ tún un kọ.

Olùbéèrè:
Ti owó oṣù òṣìṣẹ́ gan-an ló wà lórí sáfà tó gbó jù lọ́wọ́ wa. Màá gbé e lọ bá HR lọ́jọ́ Ajé.