Èsì lórí "àjogún", "oríta iṣan" àti jíìnì SYNGAP1

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo ti ka àkójọ ọ̀rọ̀ tí Ẹ̀gbọ́n gbé síwájú wa, èyí tí wọ́n fẹ́ fi kọ ìwé pélébé fún àwọn òbí ọmọ oníwárápá níbí ní Ìkòròdú. Jíìnì kan (ìlànà inú sẹ́ẹ̀lì tó ń sọ bí ara ṣe máa ṣe purotéènì) tó ń jẹ́ SYNGAP1 ni ìwé náà dá lé, jíìnì tó wà lára àwọn tó ń ṣètò bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ṣe ń ránṣẹ́ síra wọn. Ẹ̀gbọ́n pe gene ní "àjogún", wọ́n pe synapse, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kan ti ń ránṣẹ́ sí èkejì, ní "oríta iṣan", wọ́n pe mutation, ìyípadà nínú jíìnì, ní "àléébù", wọ́n sì ní kí oníkálukú sọ tẹnu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, àjogún ni mo máa kọ́kọ́ dojú kọ.

Mo mọ ibi tó ti wá. Kò sẹ́ni tí kò mọ jẹnotáìpù ní Èkó mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ń béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó so tọkọtaya pọ̀, mọ́ṣáláṣí ń béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó so yìgì. Bí AS bá fẹ́ AS, ọmọ lè gba S lọ́wọ́ bàbá, kó gba S lọ́wọ́ ìyá, ó di fòníkú-fọ̀ladìde. Àjogún pọ́ńbélé nìyẹn. SYNGAP1 kì í rìn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà méjì ni oníkálukú wa ní lórí krómósómù kẹfà (krómósómù ni okùn tí àwọn jíìnì wà lórí rẹ̀). Bí ẹyọ kan péré bá bàjẹ́, àìsàn dé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ tó ní in, bàbá kò ní in, ìyá kò ní in. Ìgbà tí àtọ̀ tàbí ẹyin ń dá, tàbí nígbà tí oyún ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, ni nǹkan yí padà. Ọmọ kò jogún ohun tí kò sí lọ́wọ́ òbí.

Ẹ wá wo ìyá kan ní Ìgbógbo tí wọ́n fi ìwé tí a kọ "àìsàn àjogún" sí lé lọ́wọ́. Kò ní tíì ka ìlà kejì tí ìyá ọkọ máa ti béèrè pé ìdílé ta ni wárápá wà. Gbogbo wa la mọ ìwádìí táwọn àgbà ń ṣe kí wọ́n tó jẹ́ kọ́mọ fẹ́mọ: ṣé wèrè wà níbẹ̀? Ṣé ẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀? Ṣé wárápá wà níbẹ̀? Àbúrò obìnrin yẹn tí kò tíì lọ́kọ máa jẹ nínú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a kò yẹ̀ wò dáadáa ló máa fà á, ìwé ìjọba ni wọ́n sì máa ní àwọn ti kà á.

Kí la máa wá pe gene? Ẹ jẹ́ ká pè é ní jíìnì, bí a ṣe ń pe sẹ́ẹ̀lì ní sẹ́ẹ̀lì. Wilhelm Johannsen, ará Denmark tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní 1909, mọ̀ọ́mọ̀ mú ọ̀rọ̀ kúkúrú tí kò gbé àlàyé kankan dání ni. Ẹni tó bá ní dandan, Yorùbá gidi lòun fẹ́, kó lo "àbùdá". N kò ní bá a jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tójú ń rí lára èèyàn ni àbùdá máa ń tọ́ka sí létí tèmi, kì í ṣe ohun tó fà á.

Ó kan oríta iṣan. Iṣan fúnra rẹ̀ ti gbé ẹrù púpọ̀ jù: ẹ̀jẹ̀ ń gbà á, ẹsẹ̀ ní in, ọrùn ní in, òun náà ni babaláwo ń wá oògùn sí. Oríta wá nìyí, ibi tí ọ̀nà ti ń kanra. Ẹni tí ẹ bá sọ fún pé oríta ni wárápá ọmọ rẹ̀ ti wá, ẹbọ ló máa gbé lọ síbẹ̀, kò ní gba ọsibítù lọ!

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ìtumọ̀ Gíríìkì lẹ ń tẹ̀ lé, pé ìdìmọ́ra ni synapse. Òtítọ́ ni. Charles Sherrington ló mú un wọ inú ìwé ní 1897. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló kọ́kọ́ ní lọ́kàn, ọ̀gbẹ́ni Verrall tó jẹ́ ọ̀mọ̀wé èdè Gíríìkì ní Cambridge ló fún un ní èyí. Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó tíì fojú rí ohun tí wọ́n ń sọ orúkọ. Ó di àárín àwọn ọdún 1950 kí máíkíróskóòpù oníẹlẹ́kítíróònù tó fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kò dì mọ́ra rárá. Àlàfo wà láàárín wọn, nǹkan bí 20 nanometer (nanometer kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mìlímítà). Kí ló dé tí àwa tó dé lẹ́yìn máa fi túmọ̀ ohun tí ẹni ìṣáájú kò rí? Ẹni tó bá ti wọkọ̀ ojú omi rí ní Ìpakodò mọ̀ pé èbúté kì í fẹnu kan èbúté. Ọkọ̀ ló ń kó èrò sọdá. Ohun tí glutamate, kẹ́míkà tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, ń ṣe gan-an nìyẹn: ó kúrò lára sẹ́ẹ̀lì kan, ó sọdá, ó gúnlẹ̀ sára èkejì. "Ìsọdá" ni màá pè é, tàbí "ojú ìsọdá" bí ó bá jẹ́ ibẹ̀ gan-an la ń tọ́ka sí. (Àwọn synapse kan wà tí iná ń gba inú wọn kọjá tààrà, àmọ́ ọ̀rọ̀ tiwọn kọ́ la ń sọ lónìí.)

Àbúrò wa tó kọ̀wé láti Àgbádárìgì, o ṣeun, ṣùgbọ́n "àlàfo ìpàdé" tó o fi túmọ̀ SYNGAP kò lè dúró. GAP inú orúkọ yẹn kì í ṣe àlàfo. Lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n gé kúrò lára orúkọ irú purotéènì kan ni. Ẹ jẹ́ kí SYNGAP1 máa jẹ́ SYNGAP1, kí ọmọ tí wọ́n fún lórúkọ yẹn nínú èsì àyẹ̀wò ní Ìkòròdú lè bá ẹni tó ní irú rẹ̀ ní Kánádà pàdé.

"Jíìnì ìjánu" tí Àǹtí wa ní Ẹ̀pẹ́ mú wá fún SYNGAP1 ló dùn mọ́ mi jù, ìdí rẹ̀ sì ni pé iṣẹ́ ló wò. Purotéènì kan wà tó ń jẹ́ Ras. Bí Ras bá wà ní títàn, ìsọdá á máa lágbára sí i. SynGAP, purotéènì tí jíìnì SYNGAP1 ń ṣe, ló ń pa á. Bí ọpọlọ bá ń kọ́ nǹkan, kálísíọ́mù á wọlé, SynGAP á yẹ̀ kúrò níbẹ̀, ìsọdá yẹn á le sí i. Iléeṣẹ́ ìwádìí Richard Huganir àti ti Mary Kennedy ní Amẹ́ríkà ló kọ̀wé nípa purotéènì yìí ní 1998. Ní 2009 ni àwọn Jacques Michaud ní Montreal fi hàn pé bíbàjẹ́ jíìnì rẹ̀ wà lára ohun tó ń fa kí ọpọlọ ọmọ má dàgbà bó ṣe yẹ. Ọmọ náà á pẹ́ kó tó rìn, á pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ wọn á ní wárápá, àwọn mìíràn á ní autism.

Àǹtí, ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí nìyí: "ọmọ tí kò níjàánu" ni à ń pe ọmọ tí wọn kò kọ́. Àwọn ọmọ yìí a sì máa pariwo, wọ́n a máa lu èèyàn. Bí a bá kọ ọ́ pé jíìnì ìjánu ọmọ yìí ti bàjẹ́, pàṣán ni aládùúgbò máa nà sí ìyá rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan kún un: "ìjánu ìsọdá". Ìsọdá la kó níjàánu, kì í ṣe ìwà.

Àléébù, ara èèyàn ló máa ń lẹ̀ mọ́. "Àṣìkọ" ni màá lò, kó dúró sára lẹ́tà jíìnì, kí ó má bọ́ sára ọmọ. Ìyípadà tí kò ṣe nǹkan kan, "ìyàtọ̀" tó o.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fa "gìrì" tó wà lójú ìwé kejì yọ. Ẹni tó bá ka gìrì, ibà ló máa rò, àgbo àti ìtọ̀ màlúù sì ti dé nìyẹn. Ẹ kọ wárápá, ṣùgbọ́n ẹ sọ bó ṣe rí, nítorí wárápá tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni èyí tó ń gbéni ṣánlẹ̀ tí ń yọ ìfófó. Èyí lè yàtọ̀ pátápátá. Oúnjẹ jíjẹ gan-an lè fà á. Ìyá ń fi ṣíbí bọ́ ọmọ ní mọ́ínmọ́ín, ọmọ ń jẹ, lójijì ìpéǹpéjú bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ojú yí sókè, orí já wálẹ̀, oúnjẹ ṣì wà lẹ́nu. Kó tó tó ìṣẹ́jú kan, ó ti ń jẹun lọ. Ìyá á ní oorun ló ń kùn ún, tàbí pé ó ń ṣàṣejù sí oúnjẹ.

Haploinsufficiency tí ẹ fi sílẹ̀ láìtúmọ̀, ẹ má wá ọ̀rọ̀ orúkọ sí i. Gbólóhùn ni kẹ́ ẹ kọ: "Ẹ̀dà kan ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń pèsè kò tó ọpọlọ lò." Axon àti dendrite, ẹ̀ka tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ jáde àti èyí tó fi ń gbà á, ẹ jẹ́ kí àwọn Àgbádárìgì bá wa mú un.