Ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì fún Ìsẹ́yìn, báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú.

Mo fẹ́ dá ìwé ìròyìn Yorùbá sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún Ìsẹ́yìn àti Òkè-Ògùn, torí Èkó àti Ìbàdàn ló kún inú àwọn ìwé ìròyìn ńlá, àfi tí wàhálà bá ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń rántí wa. Ta ló ń kọ nípa owó òwú tí àwọn tó ń hun aṣọ òkè ń rà, nípa títì tó bàjẹ́, nípa ohun tí káńsù ń fowó ṣe? Láti 1859 tí míṣọ́nnárì òyìnbó Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn l'Abẹ́òkúta, ẹnu la ṣì fi ń gbọ́ ti àdúgbò wa, ó ń dùn mí gan-an.

Owó ọwọ́ mi ò pọ̀. Mo ti ṣí péèjì Facebook, wọ́n ń kà á o, àmọ́ ìròyìn ọ̀sẹ̀ tó kọjá ò ṣeé wá rí mọ́. Blogger tí mo gbìyànjú, ìyẹn ti Google téèyàn lè fi ṣí ìkànnì, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n blogspot tó wà nínú àdírẹ́sì ẹ̀ yẹn, ẹ̀rù ń bà mí pé àwọn tó fẹ́ polówó ò ní kà mí sí. WordPress, tí wọ́n fi ń kọ́ ìkànnì, ló wù mí, owó domain (orúkọ àdírẹ́sì ìkànnì) àti hosting (ibi tí ìkànnì máa wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì) ọdọọdún ló ń dá mi dúró, owó data tún ń bẹ níbẹ̀.

Ìbéèrè mi ò ju ẹyọ kan lọ: ṣé kí n fi Blogger àti WhatsApp channel bẹ̀rẹ̀ títí màá fi rí ẹni tó máa polówó, àbí kí n kọ́kọ́ fi ìwọ̀nba owó tó wà lọ́wọ́ ra domain àti hosting?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín jù. Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀ o.