Èsì: "Aṣọ́ba" kẹ̀? Ẹ̀ṣọ́ ńkọ́?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo rí "aṣọ́ba" tí àbúrò wa fi túmọ̀ Kebur Zabagna, àwọn ọmọ ogun tó ń dáàbò bo Haile Selassie, ọba Etiópíà, nígbà ayé rẹ̀. Mo bọ́ awò ojú mi, mo tún un kà. Èmi ní ẹ̀ṣọ́ ló yẹ ká lò, ọ̀rọ̀ tí àwọn kan nínú yín ní ó ti gbó. A ní aṣọ́bodè, a ní aṣọ́nà, a ní aṣọ́gbó. Bodè, ọ̀nà, igbó: èwo ló ní ojú nínú wọn? Ṣùgbọ́n bí mo bá ní lágbájá ń ṣọ́ mi, ẹ ó mọ̀ pé ibi tí n ó ti kọsẹ̀ ló ń wá. Ẹ má wulẹ̀ fi "Ọlọ́run á ṣọ́ wa" dá mi lóhùn, àdúrà nìyẹn.

Mo mọ ohun tí àbúrò wa máa sọ. Ní oṣù Kejìlá 1960, tí ọba wà ní Bràsíl, Mengistu Neway tó jẹ́ ọ̀gá wọn ló dìtẹ̀ mọ́ ọn. Ọjọ́ mélòó kan ni ọ̀tẹ̀ náà fi dúró; lọ́dún kejì wọ́n yẹgi fún Mengistu. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Ó dáa, lọ́jọ́ yẹn, aṣọ́ba ni wọ́n lóòótọ́! Àmọ́ orúkọ là ń túmọ̀, kì í ṣe ìwà.

Orúkọ ọ̀hún gan-an ńkọ́? Zabagna ni wọ́n ń pe ọlọ́dẹ tó jókòó sẹ́nu géètì ní Addis Ababa. Kebur, ọlọ́lá. Ibo ni ọba wà níbẹ̀? Àwọn tó ni èdè ò rọ ọ̀rọ̀ kankan. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ ọlọ́dẹ, wọ́n dé e ní fìlà. Ẹ̀ṣọ́ Ọlọ́lá. Ó parí.

Ẹ̀gbọ́n wa ní ìlàrí, àwọn ìránṣẹ́ ọba Ọ̀yọ́ tí wọ́n máa ń fá apá kan orí wọn, ló bá a mu, pé àwọn ló ń sún mọ́ Aláàfin, pé ogun ìlú ni àwọn 70 Ẹ̀ṣọ́ Ọ̀yọ́ ń jà. Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n orí tí wọ́n là ló wà nínú ìlàrí, kò sí ìṣọ́ níbẹ̀. Àwọn Kebur Zabagna yìí náà lọ sógun Kòríà ní 1951, ṣé orí la fẹ́ fá fún wọn ni?

Bàbá tó bí bàbá mi, ọmọ Ìkòyí, bí mo bá sunkún dé ilé pé wọ́n lù mí, á ní kí n yí ẹ̀yìn sóun. Bó bá rí erùpẹ̀ níbẹ̀, á ní, "Ẹ̀ṣọ́ kì í gbọfà lẹ́yìn," kò sì ní bá mi dá sí i mọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà lẹ ní ó ti gbó yẹn.

Ẹni tó ń kọ ọ́ ní "ẹ̀ṣọ" láìfi àmì òkè sí i, tó sì tún ń kọ́ wa ní gírámà, kó kọ́kọ́ lọ fàmì sórí orúkọ ara rẹ̀.