Èsì lórí "ìyọ́yìnyín": yọ̀ ni o, kì í ṣe yọ́

Ẹ̀yin ará ilé,

Mo ti pinnu pé n kò ní dá sí ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ nígbà tí Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìbàdàn fọwọ́ sí "ìyọ́yìnyín ẹ̀yìn-ìlú" lánàá gẹ́gẹ́ bí orúkọ Yorùbá fún eré síkì, oúnjẹ kò wọlé mọ́ fún mi.

Fún ẹni tí kò bá wa bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: àbúrò wa tó wà ní Aberdeen ló ròyìn bí àwa mẹ́fà ṣe lọ sórí òkè Cairngorm ní Scotland, tí ìjì sì lé wa padà. Eré síkì, èyí tí wọ́n ń fi pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lábẹ́ ẹsẹ̀ ṣe, ló pè ní "ìyọ́yìnyín". Nítorí pé a kò gun ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè, ẹsẹ̀ ara wa la fi gun òkè, ó fi "ẹ̀yìn-ìlú" kún un, ìyẹn "backcountry" tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Èmi náà wà lára àwọn mẹ́fà yẹn o.

Ẹ jẹ́ ká mú ohùn orí yọ́ yẹn. Yìnyín a máa yọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni òrí. Bí ẹnì kan bá ní òun ń lọ ṣe ìyọ́yìnyín, ìkòkò ni n óò bá a gbé kaná. Ohun tí ẹsẹ̀ ń ṣe lórí ilẹ̀ tó ń dán ni yíyọ̀, ohùn ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní yọ́ inú "yọ́ rìn" ni àbúrò ní lọ́kàn, bí ológbò ṣe ń yọ́ lọ bá eku. Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun. Ẹni tó bá ti gbọ́ ariwo pátákó wọ̀nyẹn lórí yìnyín tí ìjì ti fẹ́ tó fi le gbagidi, kò ní dárúkọ ológbò.

Ní Ìdànrè, nígbà tí òjò bá ti rin àpáta, àwa ọmọdé máa ń jókòó lé èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, a ó sì já wálẹ̀. Ìyá bàbá mi á pariwo láti ìdí ààrò: "Ẹ ò ní jáwọ́ nínú yíyọ̀ yìí títí ẹsẹ̀ yín á fi kán?" Yíyọ̀ ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá yẹn kò mọ̀wé, àmọ́ ohùn kì í ṣì í. Òun náà ló máa ń fi àkèré tí ayọ̀ àyọ̀jù ṣẹ́ nítan bú wa, ó sì pẹ́ kí n tó mọ̀ pé yọ̀ méjì ló ń fi ṣeré, ti inú àti ti ẹsẹ̀.

Ti gírámà ńkọ́? Yọ̀ yìí kì í gba àbọ̀. A ń gun òkè, ìgunkè jáde. Ẹ fún yọ̀ ní àbọ̀ tipátipá, ohùn rẹ̀ á yí padà di "yọ yìnyín": ṣọ́bìrì la fi ń kó o kúrò lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn. (Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa mú "ìrìnnà", rìn ọ̀nà, jáde láti fi ta kò mí. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.)

Ìfigiyọ̀ ni tèmi. Lédè àtijọ́ àwọn ará Norway tí gbogbo ayé ti yá síkì lọ, skíð, igi lílà ni. Àbúrò ní kì í ṣe igi nìkan ni wọ́n fi ń ṣe é mọ́. Ọkọ̀ ojú omi ṣáà ni ọkọ̀ kí mọ́tò tó dé! Ohun tí àwa fúnra wa lẹ̀ mọ́ abẹ́ pátákó ká lè gòkè, tí irun rẹ̀ dojú kọ ẹ̀yìn kó má bàa jẹ́ ká yọ̀ padà, awọ ẹran inú òkun ni nígbà kan. Ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tàbí irun ewúrẹ́ ni lónìí, síbẹ̀ awọ ni Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń pè é.

"Ẹ̀yìn-ìlú" ni kò ṣeé gbọ́ sétí. Ẹ̀yìn ìlú ni ààtàn wà! Aginjù tó. Àwọn tó ni ilẹ̀ yẹn, Coire an t-Sneachda ni wọ́n ń pe kòtò òkè tí a gbà, kòtò yìnyín lédè Gaelic wọn, wọn kò wo ẹnu Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó sọ ọ́.

Àbúrò sì tún ní "atẹ́gùn" fẹ́ lọ́jọ́ náà. Atẹ́gùn là ń gbà lábẹ́ igi odán. Orí Cairn Gorm ni wọ́n ti wọn ìjì tó ń sáré máìlì 173 ní wákàtí kan, ní 20 Oṣù Kẹta 1986. Tiwa kò tó ìdajì rẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé mi ṣubú, ó sì já ìbọ̀wọ́ gbà lọ́wọ́ ẹnì kan. Aṣáájú wa fi ọ̀pá gún ilẹ̀, ó ní ká padà. Ìjì ti ha yìnyín kúrò ní ẹ̀gbẹ́ tó ń fẹ́ lù, ó ti tò ó sí ẹ̀gbẹ́ kejì tó fara pamọ́, ó dì pọ̀ bí pákó lórí ohun rírọ̀. Ẹsẹ̀ ẹnì kan lè mú gbogbo rẹ̀ ya, pàápàá níbi tí òkè bá ti dagẹ̀rẹ̀ tó ìwọ̀n dígírì 30 sí 45. Èyí ló yẹ ká máa wá orúkọ fún! Mo dábàá "yìnyín àfẹ́jọ". Èyí tó bá ya wálẹ̀, àgbàrá yìnyín, kí àwọn tí kì í fi àmì sọ́rọ̀ má sọ ọ́ di agbára.

Mo mọ̀ pé òjò-dídì ni Bíbélì pe "snow" tí mò ń pè ní yìnyín yìí, pé ní Jóòbù 38:22 òun àti yìnyín dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ wá fi ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ká rí i: ìfigiyọ̀lórí-òjò-dídì. Ká tó pè é tán, òjò náà á ti yọ́.

Ẹ̀gbọ́n, ọgbọ̀n ọdún tí ẹ fi kọ́ni ní Yorùbá, a kò bá yín du ú. Ṣùgbọ́n yìnyín tí ẹ mọ̀, ti inú fíríìsà ni. Bí ẹ bá máa fèsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sí i. "Iyo" lásán ni mo rí nínú lẹ́tà yín àná, n kò mọ̀ bóyá ti òkè ni àbí ti ọbẹ̀.