Owó ìjọba fún ilé ẹ̀kọ́ ọmọ aláìní: kí ló yẹ kí òbí mọ̀?

Ìyá Ìbejì, Ọ̀bà-Ilé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Ọmọ mi wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan ní Àkúrẹ́, níbi tí ọmọ mẹ́rin ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ ró, síbẹ̀ wọ́n ní kí a wá san owó àga. Ṣé ìjọba kì í fún wọn lówó ni?

Bàbá Tíṣà:
Ẹ kú ìnáwó ọmọ, Ìyá Ìbejì. Òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti ọdún 2004 ya ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé sápò ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ló sì ń pín in. Ṣùgbọ́n kí ìpínlẹ̀ tó lè rí èyí tí a fi ń kọ́ kíláàsì gbà, òun náà gbọ́dọ̀ gbé ìdajì owó iṣẹ́ náà kalẹ̀. Òfin yìí kan náà sọ pé ìwé, kíláàsì, àga àti oúnjẹ ọ̀sán jẹ́ ọ̀fẹ́ títí dé girama kékeré, ẹni tó bá sì gbowó lórí wọn ti rúfin. Èyí ló dùn mí jù, nítorí ọ̀pọ̀ òbí ni kò mọ̀ ọ́n.

Ìyá Dàmọ́lá, Ìjọ̀kà:
Ẹ béèrè SBMC, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó bí nǹkan ṣe ń lọ ní ilé ẹ̀kọ́ náà, òbí wà nínú rẹ̀. Ẹ má sanwó láìgba rìsíìtì.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun, mà. Orí ìwé pélébé ni wọ́n kọ iye owó náà sí. Màá mú un lọ bá wọn lọ́jọ́ Ajé.