Kí ẹ tó ta ilé n'Ìbàdàn, àtúnṣe wo lẹ ṣe? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Àkànní Òkè-Àdó

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé Bàbá wa tó wà l'Ókè-Àdó la fẹ́ tà. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni, láyé ìjọba Western Region ni wọ́n kọ́ ọ, páànù rẹ̀ sì ti dípẹtà bíi ti gbogbo òrùlé téèyàn máa ń rí tó bá dúró lórí òkè Màpó. Bàbá ti lọ, àwa ọmọ sì ti fọ́n ká. Àbúrò mi obìnrin tó wà l'Ékòó ní ká da táìsì sí gbogbo ilẹ̀, ká fi POP sí àjà, ká kun inú àti ìta, pé owó náà á padà wọlé. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ní ká má fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹni tó bá rà á, wíwó ló máa wó o. Ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ẹ́ di ìjà.

Ṣùgbọ́n látìgbà tí a ti ń mú àwọn oníbàárà wá wò ó, n ò tíì rí ẹni tó béèrè táìsì. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè ni, "Ìwé ẹ̀ ńkọ́?" Lẹ́yìn náà, "Ṣé gbogbo ọmọ ló fọwọ́ sí i?" Tí wọ́n bá wá gbójú sókè nínú yàrá: "Ẹ̀yin èèyàn yìí, òkè yìí ń jò o."

Ìwé la fi bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe tiwa. Rìsíìtì tí àwọn onílẹ̀ fún Bàbá nígbà náà ló wà nínú àpótí, kò sí C of O, ìwé àṣẹ ìjọba lórí ilẹ̀. A mú sọ̀féyọ̀ wá wọn ilẹ̀, ó sì hàn pé fẹ́ǹsì aládùúgbò ti wọlé díẹ̀ sí tiwa. Àwọn àgbà àdúgbò ló bá wa parí ẹ̀, a ò dé kọ́ọ̀tù. Lọ́yà wá ṣàlàyé pé níwọ̀n ìgbà tí Bàbá ò ti kọ ìwé ìhágún, ilé ti di ti ẹbí lábẹ́ òfin ìbílẹ̀ nìyẹn. Olórí ẹbí àtàwọn àgbà ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ jọ tà á. Bí ọmọ kan bá dá a tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà yẹn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Bó bá jẹ́ olórí ẹbí ló dá a tà láìbi àwọn yòókù, wọ́n lè gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù kí wọ́n fagi lé e. Ẹ ò rí i tí "ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ" fi kún ara ògiri ìlú yìí? Tiwa náà ní in, Bàbá fúnra wọn ló kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀. Ibi àkọ́kọ́ tí a kùn lọ́dà nìyẹn.

Òrùlé ló tẹ̀ lé e. A ò pààrọ̀ gbogbo ẹ̀. Káfíńtà gun òkè, ó ń fi ọ̀bẹ gún igi lọ́kọ̀ọ̀kan: ikán ti jẹ ẹ̀gbẹ́ tí omi ti ń wọlé, ìyókù ṣì le koko. A yọ èyí tó jẹrà, a fi Solignum, oògùn tó ń lé ikán, kun gbogbo igi, a fi páànù tuntun bo ẹ̀gbẹ́ yẹn. Asbestos àtijọ́ ni àjà ilé náà, ọmọ iṣẹ́ kan sì ti gbé òòlù láti fọ́ ọ, ni káfíńtà bá jágbe mọ́ ọn. Eruku nǹkan yẹn tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló máa wà, ó sì lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n fi omi rin ín, wọ́n bo imú, wọ́n tú ìṣó rẹ̀, wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ lódindi.

Ibi tí a dé rèé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ta tiyín, kí lẹ ṣe?

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́

Àkànní, o káre. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún Bàbá.

Old Bódìjà ni ilé tiwa wà, lára èyí tí Housing Corporation kọ́, kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síbi tí nǹkan ti bú gbàù lọ́jọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024. Gíláàsì fèrèsé fọ́ tán lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àjà yàrá kan já lulẹ̀, ògiri sì là ní pálọ̀ àti ní yàrá ẹ̀yìn. Ọpẹ́ ni pé ẹnikẹ́ni ò fara pa nínú wa, torí ẹ̀mí lọ sí i ládùúgbò.

Nígbà tí a wá fẹ́ tà á, bíríkìlà tó wá wò ó ní ká fi sìmẹ́ǹtì dí ojú ibi tó là, ká kun ún, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo ní rárá o. Gbogbo Ìbàdàn ló gbọ́ ìró yẹn! Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé ní Bódìjà lóde òní, ara ògiri ló máa kọ́kọ́ wò. Bó bá rí i pé ojú kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀dà tí ìyókù ti gbó, ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ lọ́kàn ẹ̀ á ti tóbi ju èyí tó wà níbẹ̀ lóòótọ́ lọ.

Ẹnjiníà tó ní ìwé COREN, ìyẹn àjọ tó ń fún ẹnjiníà láṣẹ iṣẹ́, la pè. Ó fi sìmẹ́ǹtì lẹ gíláàsì pélébé mọ́ ojú ibi tó là, ó ní ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan. Bí ògiri bá ṣì ń rìn, gíláàsì á fọ́. Bó bá ti dúró, gíláàsì ò ní fọ́. Ti pálọ̀ ò fọ́, ara rẹ́ńdà, ìyẹn sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri, nìkan ló là. Ti yàrá ẹ̀yìn fọ́. Ibẹ̀ la náwó sí: wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ ibẹ̀, wọ́n ki kọnkéré sí i, wọ́n fi irin di ojú ibi tó là kí wọ́n tó rẹ́ ẹ. Mo ní kí ẹnjiníà kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ àti bó ṣe wà lẹ́yìn àtúnṣe. Ìwé yẹn ni mo máa ń nà sí oníbàárà kó tó dẹ́nu lé ìbéèrè. Àwọn kan kà á, wọn ò yọjú mọ́. Ẹni tó rà á mú ẹnjiníà tiẹ̀ wá, àwọn méjèèjì jọ ka ìwé náà nínú ọgbà, a wá bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.

Àmọ́ mo da táìsì sí ilé ìwẹ̀ àti kíṣìnì o. Ẹ má bá àbúrò Àkànní jà jù. Ilé ìwẹ̀ tó rí pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ máa ń jẹ́ kí èèyàn rò pé bí gbogbo páìpù ilé ṣe rí nìyẹn.

Bàbá Bíríkìlà

Mo kí gbogbo ilé. Ìyá Ẹ̀jìrẹ́, ẹ forí ji ẹlẹgbẹ́ mi yẹn, ebi ló ń pa á.

Iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe láti Mólétè títí dé Àkóbọ̀, ohun tí mo sì ń rí jù lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ta ilé ni ọ̀dà kánjúkánjú. Ẹ máa rí ìsàlẹ̀ ògiri tó ń ṣí, tí nǹkan funfun tó jọ iyọ̀ ń yọ lára ẹ̀. Omi ilẹ̀ ló ń gba inú búlọ́ọ̀kù gòkè. Ẹ kun ún lónìí, òjò méjì mẹ́ta sí i á tún ṣí, bóyá lójú ẹni tó mú owó wá gan-an. Ẹ ha rẹ́ńdà ibẹ̀ dànù, kẹ́ ẹ wá ibi tí omi ti ń wá. Ó lè jẹ́ gọ́tà tó dí, ó lè jẹ́ ilẹ̀ ìta tó ti ga ju ilẹ̀ inú lọ, torí àwọn tó ń tún títì ṣe máa ń rọ́ yẹ̀pẹ̀ sí i lọ́dọọdún ni. Ó sì lè jẹ́ páìpù ilé ìwẹ̀ tó ń jò sínú ògiri láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ wá nǹkan ṣe sí ìyẹn kẹ́ ẹ tó rẹ́ ẹ padà. Rẹ́ńdà tuntun, ẹ fún un ní nǹkan bí ọjọ́ 28 kí ọ̀dà tó kàn án. Àsìkò ọyẹ́ ló dáa jù fún iṣẹ́ báyìí, kí òjò oṣù kẹta, ìkẹrin, tó dé.

Ọmọ Mesí Ọ̀gọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tà lẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí èmi tí mo rà náà sọ tèmi. N kì í wo ilé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Inú òjò oṣù kẹsàn-án ni mo ń lọ wò ó, kí ajẹ́ńtì máa ráhùn.

Ilé kan wà lẹ́bàá odò Kúdẹtì, ẹ̀yin ará, wọ́n tún un ṣe! Géètì tuntun, ìńtálọ́ọ̀kì láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìnkùlé, iná àgbékọ́ ní pálọ̀. Owó tí wọ́n pè é ò sì burú, ìyẹn ló tiẹ̀ ń kọ mí lóminú. Mo yà sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ níwájú ibẹ̀, mo ra ẹ̀kọ, mo ní, "Mà á, lọ́dún 2011 ńkọ́?" Ìyá ò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn dìde, wọ́n fọwọ́ lé àyà wọn. Òjò 26 oṣù kẹjọ yẹn, tí omi ya wọlé àwọn èèyàn, ni mò ń wí, ẹni tó bá sì dàgbà díẹ̀ á tún bi yín léèrè ti Òmíyalé Ògùnpa 1980. Ọ̀dà kankan ò lè kojú irú ìyẹn. Owó ìńtálọ́ọ̀kì yẹn ló ń dùn mí fún wọn.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́

Ọmọ yìí, ẹ̀kọ lo fi wádìí ilé! Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Alhaji Agbowó

Tèmi ò gùn. Ilé oníyàrá méjìlá, ayálégbé wà nínú gbogbo ẹ̀, ibo ni n bá ti rí àyè tún un ṣe? Lọ́yà ní ẹni tó ń san owó ọdọọdún, nótíìsì oṣù mẹ́fà ló tọ́ sí i, lẹ́yìn ìyẹn nótíìsì ọlọ́jọ́ méje, kí n tó gba kọ́ọ̀tù lọ. Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo fa ṣáláńgá, mo san gbèsè iná IBEDC tó wà lórí mítà, mo kun ọ̀nà àárín, mo kọ orúkọ ayálégbé kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tí owó rẹ̀ máa parí sínú ìwé kan. Ẹni tó rà á, owó ilé tó ń wọlé ló ń wò.

Àkànní Òkè-Àdó

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti fi gbogbo èyí ránṣẹ́ sílé. Àbúrò mi ti gbà pé ká fi POP sílẹ̀, àmọ́ ó ní òun á fi owó ara òun da táìsì sí ilé ìwẹ̀, Ìyá Ẹ̀jìrẹ́ ti dá òun láre. Ẹ̀gbọ́n wa ní kò kan òun, bí owó òun ò bá ti sí níbẹ̀.

Ó ku àtẹ̀gùn onígi. Ó ń dún, igi kan lókè sì ti lu. Mo ti dé ọjà pákó ní Bódìjà, igi àpá wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ káfíńtà tó mọ àtẹ̀gùn àtijọ́ tún ṣe, tí kò ní sọ pé ká wó o ká fi kọnkéré rọ́pò rẹ̀, jọ̀wọ́ kó bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni oníbàárà kan tún fẹ́ gun òkè.